Ṣòkòtò tó fún, kàfùtánì tó ń fi pátá hàn: ìdáhùn fún ọ́ṣà tuntun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 27 ni mí, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni mò ń lọ ní Ìbàdàn, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sínú ẹgbẹ́ ọ́ṣà, àwọn tó ń fi àyè ìjókòó han èèyàn, ni. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, díákónì kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ṣòkòtò mi ti fún jù, àti pé gbogbo ìjọ ló ń rí pátá mi lábẹ́ kàfùtánì funfun tí mo wọ̀. Aṣọ gidi ni lójú tèmi o. Mo tiẹ̀ rò pé àwọn obìnrin ni ọ̀rọ̀ ìmúra níwọ̀ntúnwọ̀nsì ń bá wí. Kí ni kí n ṣe, nígbà tí mi ò lówó tí mo máa fi rán aṣọ tuntun? Àwọn ọkùnrin tó sì ń wọ níkà tàbí ṣòkòtò tó ń já bọ́ nídìí wá síṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, ṣé kí n máa dá wọn padà ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni díákónì yẹn bá yín sọ, ó sì ṣe yín lóore bó ṣe fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó sọ ọ́. Aṣọ yẹn lè dáa lójú dígí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níwájú dígí, ṣe lẹ dúró ṣánṣán, apá yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná yàrá ò sì lè tàn tó oòrùn àárọ̀ tó ń gba ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì wọlé. Ọ́ṣà wo ló ń dúró báyẹn látìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dópin? Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba igbá ọrẹ lọ́wọ́ ẹni tó jókòó, ẹ máa gbé àga, ẹ máa nawọ́ fi àyè han èèyàn, ẹ máa dọ̀bálẹ̀ kí àgbà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sì tún máa jó lọ síwájú lásìkò ìdúpẹ́. Ìgbà tí ara bá ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún báyìí ni aṣọ máa ń tú ọkùnrin fó. Torí náà, kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ bi ara yín pé: tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ni ẹni tó wà lẹ́yìn mi máa rí?

Ní ti pé obìnrin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, àwa tá à ń kọ́ni la jẹ̀bi rẹ̀. 1 Tímótì 2:9 la máa ń kà ṣáá, obìnrin sì ni ẹsẹ yẹn dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Ẹ́kísódù 28:42, ọkùnrin ló ń bá wí níbẹ̀. Ọlọ́run ní kí wọ́n dá ṣòkòtò ọ̀gbọ̀ fún Áárónì àtàwọn ọmọ rẹ̀, kó bò wọ́n láti ìbàdí dé itan. Ẹ padà sí orí 20, ẹsẹ 26, ẹ máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá: wọn ò gbọdọ̀ fi àtẹ̀gùn gun pẹpẹ, kí ìhòòhò wọn má baà hàn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìsìn níwájú èrò máa ń gòkè, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì ń wo òkè. Ohun tójú wọn máa rí ni wọ́n rò mọ́ aṣọ àlùfáà. Iṣẹ́ ọ́ṣà náà sì nìyẹn, àbí?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí kàfùtánì funfun yẹn, torí òun ló rọrùn jù láti tún ṣe. Ó jọ pé pátá funfun lẹ wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló rò pé funfun ló ń fara pa mọ́ sábẹ́ funfun, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá, ó máa kan pátá funfun, pátá yẹn á sì dá a padà síta ju bí awọ ara dúdú ṣe máa dá a padà lọ. Ìdí nìyẹn tí etí pátá fi máa ń hàn ketekete lábẹ́ aṣọ. Èyí tó bá jọ àwọ̀ ara yín ni kẹ́ ẹ wọ̀: bíráùn, tàbí àwọ̀ kọfí. Kó má ní ilà, kó má ní àwòrán, kí rọ́bà ìdí rẹ̀ má sì ní lẹ́tà gàdàgbà. Èyí tó gùn dé agbede itan tàbí orúnkún ló dáa jù, torí pátá kúkurú máa ń ge ìdí sí méjì, ojú ibi tó gé yẹn lèèyàn sì ń rí. Bó ṣe rí fún síńgílẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn. Èyí tó ní okùn tín-ín-rín léjìká máa ń hàn lábẹ́ léèsì àti aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní Atíkù. Ẹ wọ èyí tó ní apá, tó sì ní ọrùn róbótó.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ kan ti fẹ́lẹ́ jù, ẹ gbé e sójú fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ ki ọwọ́ bọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà, kẹ́ ẹ ya ìka yín. Bẹ́ ẹ bá lè ka ìka márààrún látòde, aṣọ yẹn nílò láìnì, ìyẹn aṣọ tí wọ́n ń rán mọ́ ọn nínú. Ṣòkòtò ni kẹ́ ẹ ní kí télọ̀ fi láìnì sí, láti ìbàdí dé orúnkún. Yáàdì 1½ sí 2 aṣọ òwú tó rọ̀ ti tó bó bá jẹ́ èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 45. Funfun lè ṣe láìnì o, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mo ní kẹ́ ẹ má wọ pátá funfun, torí láìnì bo gbogbo ibẹ̀ dọ́gba, kò sí etí tó máa hàn, orúnkún tó sì parí sí wà lábẹ́ kàfùtánì. Ohun kan tí àwọn télọ̀ máa ń gbàgbé ni àpò. Wọ́n á fi ègé àǹkárá olódòdó ran àpò sínú ṣòkòtò funfun, òdòdó yẹn á sì máa wo ìjọ látinú lọ́hùn-ún. Ẹ sọ fún un pé aṣọ tó bá ṣòkòtò náà mu ni kó fi ran àpò. Kẹ́ ẹ sì má kó owó sí àpò funfun, àfi bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí akọ̀wé ìnáwó bá yín kà á látọ̀ọ́kán.

Lásìkò òjò, ẹ fi aṣọ funfun tí kò ní láìnì sílẹ̀ nínú àpótí. Bí omi bá ti kan aṣọ, ó máa lẹ̀ mọ́ ara, ìmọ́lẹ̀ á sì túbọ̀ máa gbà á kọjá. Òógùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá lẹ́yìn àti lábíyá.

Ó kan ṣòkòtò. Níbi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí, torí èyí tó wà lóde báyìí, tí wọ́n ń fún láti itan dé kókósẹ̀, wọ́n gé e fún ẹni tó máa dúró ya fọ́tò ni. Kẹ̀ǹbẹ̀ àwọn baba wa ò ní wàhálà yìí: ó fẹ̀ nítan, abẹ́ rẹ̀ sì jìn débi pé èèyàn lè lóṣòó kò ní fà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ tiyín wò rèé. Ẹ wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ jókòó sórí àga tó le. Ẹ fi ìka méjì mú aṣọ lókè itan. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí tó íńṣì 1 kó jọ láàárín ìka yín láìfi ipá fà á. Bí aṣọ ò bá kó jọ rárá, ó ti fún jù. Ẹ wo ẹnu àpò ẹ̀gbẹ́: bó bá là sílẹ̀ bí ẹnu ẹyẹ nígbà tẹ́ ẹ dúró, ìdí ni ò gba yín. Ẹ wo ibi sípì: bí ilà tó ń fà láti itan kan sí èkejì bá wà níbẹ̀, gbogbo ohun tó wà níwájú yín ló ń ya ara rẹ̀ sójú aṣọ, ẹni tó sì jókòó nígbà tẹ́ ẹ dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú igbá ọrẹ, ibẹ̀ gan-an lojú rẹ̀ máa bọ́ sí. Ẹ lóṣòó lẹ́yìn náà, kẹ́nì kan wò yín látẹ̀yìn. Bí ìdí ṣòkòtò bá fi íńṣì 2 sọ̀ kalẹ̀, tí pátá sì yọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n gé kúrú. Tẹ́ ẹ bá lóṣòó, ẹ̀yìn ara máa ń gùn sí i láti ìbàdí dé abẹ́ ìdí. Bí aṣọ kò bá ní ohun tó máa fi bá a gùn, òkè rẹ̀ á fà wálẹ̀, tàbí kó ya lójú rírán ìsàlẹ̀. Bẹ́líìtì ò lè ran ìyẹn lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá fún un mọ́ra jù, yíya ló máa ya.

Kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò má sì kéré jù. Bó bá há mọ́ ẹran ẹsẹ̀, tẹ́ ẹ bá jókòó, á gun òkè. Tẹ́ ẹ bá dìde, kò ní sọ̀ mọ́, ẹ ó wá máa rìn káàkiri pẹ̀lú ṣòkòtò tó há sí agbede ojúgun. Íńṣì 7½ sí 8 ní ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ wọ̀n ọ́n, ló dáa fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò sanra.

Ẹ ní kò sówó tẹ́ ẹ máa fi rán tuntun. Kò burú, ẹ yí inú ṣòkòtò náà síta. Ẹ wo bí aṣọ tó kù lẹ́yìn ojú rírán ṣe pọ̀ tó. Ẹsẹ̀ kan ní ojú rírán méjì, tinú àti tìta, ìyẹn ni pé etí mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Bí télọ̀ bá yọ ààbọ̀ íńṣì nínú etí kọ̀ọ̀kan, íńṣì 2 gbáko ni itan yẹn fi máa fẹ̀ sí i. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Àmọ́ bó bá ti gé etí kù bíńtín kó tó wíífù ú (kó fi ẹ̀rọ rán etí rẹ̀ kó má baà tú) nígbà tó ń rán an, kò sóhun tó máa yọ. Ní Atíkù, ojú ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ lè hàn lẹ́yìn tí wọ́n bá tú u. Ẹ ní kó tú ojú rírán tinú itan nìkan, níbi tójú ò tó. Íńṣì 1 lẹ máa rí níbẹ̀, ó sì máa ń tó nígbà míì.

Tó bá jẹ́ abẹ́ ló kúrú, ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ télọ̀ ìsinsìnyí ti gbàgbé: kí wọ́n tú ibi tí ojú rírán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé lábẹ́, kí wọ́n fi ègé aṣọ onígun mẹ́rin sí i, íńṣì 4 níbùú lóròó kí wọ́n tó rán an. Aṣọ kan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Torí ẹ̀ lẹ ṣe gbọ́dọ̀ máa gba ègé aṣọ yín lọ́wọ́ télọ̀. Tiyín ni, ẹ ti sanwó rẹ̀.

Nígbà tówó bá wá wọlé, ẹ sọ ìwọ̀n fún télọ̀ lẹ́nu ara yín, kẹ́ ẹ má kàn fi fọ́tò hàn án lórí fóònù. Ìjókòó ni kó ti wọn itan yín, torí itan máa ń fẹ̀ tẹ́ ẹ bá jókòó. Bó bá jẹ́ íńṣì 24, ṣòkòtò òyìnbó ò gbọdọ̀ dín ní 27 nítan, ti ìbílẹ̀ kó tó 29 tàbí 30. Yáàdì 4 àǹkárá tó bùbá àti ṣòkòtò fún ọkùnrin tí kò ga jù, tí kò sì sanra jù. Ẹ rẹ àǹkárá tàbí gínì sómi, kẹ́ ẹ sá a gbẹ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, torí òwú máa ń sún kì, aṣọ tó bá yín mu lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà á lè di èyí tó fún lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ní kó fi okùn àti rọ́bà méjèèjì sí ìdí ṣòkòtò ìbílẹ̀. Rọ́bà nìkan ò lè gbé fóònù ńlá àti kọ́kọ́rọ́ tó wà lápò, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fà á wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bùbá tàbí kàfùtánì ò ní wàhálà púpọ̀. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń yin Ọlọ́run. Aṣọ máa gòkè tó íńṣì 3 tàbí 4. Nítorí náà, nídùúró, ó yẹ kí ìṣẹ́tí bùbá ti kọjá ibi tí itan méjèèjì ti pàdé tó íńṣì 4, kàfùtánì kó dé orúnkún. Ibi tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ gòkè dé egungun ìbàdí. Bó bá dé bẹ̀, ẹ ní kí wọ́n rán íńṣì 3 pa níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì òyìnbó ni, kí àárín bọ́tìnì kan sí èkejì má máa yanu láyà. Bó bá ń yanu, ṣẹ́ẹ̀tì kéré, bó ti wù kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ tó.

Agbádá ńkọ́? Aṣọ iyì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ọ́ṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Apá rẹ̀ á máa gbá orí ìyá àgbà tó jókòó létí ọ̀nà, á máa wọ́ inú igbá ọrẹ, àti pé níbi tí wọ́n bá ti ń tan àbẹ́là, ewu iná ni. Lọ́jọ́ tẹ́ ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́ ẹ wá wọ̀ ọ́, ẹ wọ bùbá pípé sábẹ́. Ẹ̀gbẹ́ agbádá ṣí sílẹ̀ ni, ẹni tó bá fi síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan sábẹ́ rẹ̀ máa fi abíyá han gbogbo ará tó wà lápá òsì àti ọ̀tún. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kúnlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kó iwájú rẹ̀ sókè, torí bẹ́ ẹ bá fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ọrùn ló máa fà yín. Kẹ́ ẹ sì ṣẹ́ apá rẹ̀ sórí èjìká ní ìta. Àṣẹ́túnṣẹ́ apá agbádá láàárín ìwàásù jẹ́ àṣehàn, kò sẹ́ni tí kò mọ̀.

Fìlà, ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ ti ṣí i, ì báà ṣe abetí ajá tàbí fìlà àwọn ọmọ eléré ìdárayá. 1 Kọ́ríńtì 11:4 ni ọ̀pọ̀ ìjọ fi gúnlẹ̀ lórí ìyẹn, àṣà ilẹ̀ wa pé èèyàn ń ṣí fìlà kí àgbà sì ti bá a mu tẹ́lẹ̀. Ẹ ká a sápò. Ìjọ tí àwọn olóyè rẹ̀ ń dé fìlà nínú ìsìn ní ìlànà tirẹ̀, ẹ má bá wọn jiyàn. Bẹ́ ẹ bá bá ọ̀rẹ́ lọ sí Sẹ̀lẹ́, ìyẹn ìjọ Celestial, ẹ mọ̀ pé wọn kì í wọ bàtà wọnú ilé ìsìn, ẹ gé èékánná ẹsẹ̀. Ọmọ ìjọ tó ń wọ sùtánà funfun náà, gbogbo ohun tí mo sọ nípa kàfùtánì funfun kàn án: ṣòkòtò gígùn ni kó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ kó gùn kọjá kókósẹ̀ dáadáa, kó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá jókòó, ojúgun ò ní hàn. Lọ́fíńdà, ẹ fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kó tán síbẹ̀. Ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára tí-ṣẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, iwájú àti ẹ̀yìn. Òkìrìkà máa ń gbé ọ̀rọ̀ burúkú wá lédè tẹ́ni tó wọ̀ ọ́ ò gbọ́.

Níta, òfin kan náà ni, ibi tí aṣọ ti ń já èèyàn kulẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Lẹ́yìn ọ̀kadà, afẹ́fẹ́ máa ń gbé bùbá sókè láti ẹ̀yìn, ẹni tó wà nínú mọ́tò lẹ́yìn yín á sì máa wo ìdí yín. Ẹ jókòó lé etí bùbá lórí. Agbádá lórí ọ̀kadà, ẹ ká a pọ̀ sórí itan, torí táyà ẹ̀yìn àti ṣéènì lè fà á wọlé, ìyẹn sì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìmúra, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Pátá alápò tí wọ́n ń pè ní bọ́sà, aṣọ abẹ́ ni, kì í ṣe níkà: ẹ má fi ra búrẹ́dì lójú títì, ẹ má fi fọ mọ́tò níwájú ilé tí ìyàwó onílé àtàwọn ọmọ ń gbà kọjá. Táwẹ̀lì náà, láti balùwẹ̀ dé yàrá ni. Bí wọ́n bá pè yín síbi yìgì ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ rántí pé láti ìdodo dé orúnkún ni wọ́n ka ibi tí ọkùnrin gbọ́dọ̀ bò sí, nítorí náà níkà tó mọ lókè orúnkún ò yẹ níbẹ̀ rárá. Kẹ́ ẹ sì wọ bàtà tó yára bọ́.

Bí owó bá kéré, bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó nìyí: pátá bíráùn mẹ́ta ṣíwájú, kó tó kan owó télọ̀ tó máa tú ṣòkòtò tẹ́ ẹ ní. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ṣòkòtò dúdú kan lórí òkìrìkà. Ẹ má mú èyí tó bá ìbàdí yín mu tó sì fún nítan. Èyí tó bá itan mu, tó fi íńṣì 2 tóbi níbàdí, ni kẹ́ ẹ mú, torí ó rọrùn fún télọ̀ láti fún ìbàdí ju kó wá aṣọ tí kò sí láti fi fẹ itan.

Ó ku àwọn tẹ́ ẹ ní ṣé kẹ́ ẹ máa dá padà. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni padà. Àfi bíi pé ọ́ṣà ni wọ́n kọ Jákọ́bù 2:2-4 fún: ọkùnrin olórùka wúrà wọlé, tálákà aláṣọ ìdọ̀tí wọlé, ẹnì kan sì ń pín àyè ìjókòó fún wọn. Àyè tẹ́ ẹ máa fún alágbádá ni kẹ́ ẹ fún oníníkà. Ó lè jẹ́ mẹkáníìkì tó ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni, ó sì lè jẹ́ pé aṣọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Ẹ máa fi píìnì mẹ́rin àti okùn ṣòkòtò kan sápò. Bí ẹnì kan bá fẹ́ jáde síwájú wá jẹ́rìí, tí ṣòkòtò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìdí, ẹ sún mọ́ ọn, kẹ́ ẹ rọra sọ ọ́ sí i létí: "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa ṣòkòtò yín sókè díẹ̀ ká tó lọ." Kò sẹ́ni tó ń bínú sí ìyẹn.

Tó bá jẹ́ ọmọ ìjọ tó ti pẹ́, lẹ́yìn ìsìn ni, ẹ̀yin méjì péré, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti àtúnṣe rẹ̀, bí díákónì ṣe ṣe fún yín. "Ẹ máa múra dáadáa" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. "Abẹ́ ṣòkòtò yín kúrú, télọ̀ lè fi ègé kan sí i" lèèyàn lè lò. Tó bá jẹ́ ẹni tó dàgbà jù yín lọ, ẹ gbé e fún díákónì, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a sọ ọ́. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp ìjọ láé, bẹ́ ò tiẹ̀ dárúkọ, torí gbogbo ayé ló máa mọ ẹni tẹ́ ẹ ń bá wí. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹ má tíì sọ nǹkan kan nípa aṣọ fún un. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́ ẹ pè é láàárín ọ̀sẹ̀ kí i.